Ìyá Béárì Tí Kò Rí Béárì Rí

Ní Okuzawa, abúlé wa tó wà lórí òkè ní Akita, ní ilẹ̀ Japan, kò sí ọmọdé tó ń pe Onodera Kinuyo ní orúkọ rẹ̀. Ìyá Béárì ni wọ́n ń pè é. Obìnrin kúkúrú ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún dáadáa. Ó máa ń wọ bàtà òjò lọ́jọ́ tí oòrùn ń ràn, ó sì máa ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ bíi pé ẹni náà ti jẹ̀bi nǹkan kan. Ìwé ìtàn ẹranko ló ń kọ fún àwọn ọmọdé. Èmi ni mo ń ṣe wàrà sóyà tí gbogbo abúlé ń jẹ, ilé mi sì dojú kọ tirẹ̀. Bí mo bá ṣí fèrèsé ibi tí mo ti ń se ẹ̀wà láàárọ̀, igi kákì iwájú ilé rẹ̀, tí èso rẹ̀ máa ń pọ́n bí ọsàn, ni mo máa kọ́kọ́ rí. Kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ sọ pé mi ò mọ ohun tí mò ń sọ.

Èmi fúnra mi kò fẹ́ràn ìtàn ẹranko. Ẹranko tó wọ ṣòkòtò, tó ń sọ̀rọ̀, tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwà, ó máa ń sú mi. Ṣùgbọ́n mo ka gbogbo èyí tí Kinuyo kọ, torí pé ó máa ń bi mí léèrè, bí mo bá sì purọ́, á mọ̀.

Abúlé yìí náà ni wọ́n bí i sí, òun nìkan ni àwọn òbí rẹ̀ bí. Ó fẹ́ ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè. Ọkùnrin náà kú kí wọ́n tó bímọ, Kinuyo kò sì fẹ́ ẹlòmíràn. Ìgbà yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Bó ṣe ń ṣe é yàtọ̀ sí ti àwọn òǹkọ̀wé tí mò ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí ewé bá ń wọ́, àwọn obìnrin àdúgbò máa ń péjọ sílé rẹ̀ láti bó kákì. Irú kákì tiwa a máa di ènìyàn lẹ́nu. Àfi kí a bó o, kí a so ó rọ̀ sí etí òrùlé títí òtútù á fi sọ ọ́ di dídùn. Bí wọ́n bá ti jókòó ti apẹ̀rẹ̀, tí ọ̀bẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Kinuyo á bẹ̀rẹ̀ ìtàn tuntun. Kì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bóyá ó dùn. Ọ̀bẹ ló ń wò. Ibi tí ọ̀bẹ bá ti dúró, á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ibi tí gbogbo ọ̀bẹ bá ti ń lọ geere, á yọ ọ́ dànù.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, Takamatsu Tsuya, ló le jù nínú wọn. Ọ̀bẹ Tsuya kì í dúró fún ẹnikẹ́ni. Ìtàn òwìwí tó fọ́jú, ìtàn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó ń ta àtùpà, ìtàn ehoro tó lọ sílé ìwé awakọ̀, gbogbo wọn ló kú sínú ilé yẹn. Kinuyo máa ń sọ pé ìwé tí Tsuya ti pa mọ́ òun nínú pọ̀ ju èyí tó jáde lọ.

Àṣà kan wà lọ́dọ̀ wa. Bí a bá ká kákì tán, a máa ń fi ẹyọ kan sílẹ̀ ní ṣóńṣó igi. Àwọn kan ní ti ẹyẹ ni, àwọn kan ní ti igi náà ni, láti fi dúpẹ́ kó lè so lọ́dún tó ń bọ̀. Lọ́dún kan, níbi tí wọ́n ti ń bó kákì, Kinuyo sọ ìtàn béárì àgbà kan tí ebi ń pa. Òjò dídì ti bẹ̀rẹ̀, kò sí oúnjẹ mọ́ lórí òkè. Béárì náà sọ̀ kalẹ̀ wá sí abúlé, ó gun igi kákì, ó nawọ́ sí ẹyọ kan tó kù. Ló bá rántí pé nǹkan onínǹkan ni. Ó tẹrí ba fún igi, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé ebi rẹ̀ padà sórí òkè. Ọ̀bẹ Tsuya dúró.

"Irọ́ gbuu," Tsuya wí. "Béárì wo ló níwà tó báyẹn? Ọkọ tèmi gan-an kò níwà tó bẹ́ẹ̀." Ó nu imú. "Máa sọ ọ́ lọ jàre."

Ìwé yẹn ló sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo orílẹ̀-èdè mọ̀. Lọ́dọọdún, bí kákì bá ti pọ́n, bọ́ọ̀sì á kó ọmọ wá láti ìlú ńlá, wọ́n á dúró sábẹ́ igi rẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò. Abúlé ya béárì sára táńkì omi. Ìyàwó mi ya á sára ọ̀rá wàrà mi láì bi mí. Àwọn ọmọ tiwa wá fi tiwọn kún un. Wọ́n ní ẹyọ kan ti kéré jù fún béárì tó níwà tó bẹ́ẹ̀, kí a fi ẹ̀ka kan sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó di ìdajì igi. Àwa àgbà kò bá wọn jiyàn. Nínú wa, ta ni eegun rẹ̀ ṣì le tó láti gun igi?

Ohun kejì tún wà níbẹ̀. Shirato, tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé Tsuya, kú, ọmọ rẹ̀ sì wà ní Tokyo. Igi kákì rẹ̀ so títí ẹ̀ka fi ń kan ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè ká a, torí pé tẹlòmíràn ni. Kò sì sẹ́ni tó lè pe ọmọ náà lórí fóònù, torí pé ìwà àìmọ̀kan ni kí a máa da ènìyàn láàmú nítorí kákì. A ń wò ó títí ó fi rà sórí igi. Ìwà rere wa la fi ń bọ́ béárì, a ò mọ̀.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, àwọn igi orí òkè kò so rárá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Tsuya lọ fa dáíkónì lẹ́yìn ilé, gbòǹgbò funfun tí wọ́n á fi se ọbẹ̀. Ó gbọ́ tí nǹkan ń mi ewé lábẹ́ igi Shirato. Ó rò pé ajá ni, ó pariwo lé e. Béárì ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló gbá a. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ sáré jáde, ó ń fi ìdérí lu ìkòkò, ẹranko náà sì wọ igbó lọ. Tsuya kò kú, ṣùgbọ́n ojú òsì rẹ̀ fọ́. Genzo, olórí àwọn ọdẹ wa, yẹ ìgbẹ́ tí ẹranko náà fi sílẹ̀ wò. Kóró kákì ló kún inú rẹ̀.

Ọjọ́ yẹn ló yẹ kí ẹnì kan sọ fún Kinuyo pé ìwé rẹ̀ ti kọ́ àwọn ọmọ láti máa pe béárì wá sílé, kí ó sọ fún wọn kí wọ́n ká kákì wọn. Tirẹ̀ nìkan ni wọ́n máa gbọ́. Tíṣà ilé ìwé ti sọ ọ́, ọlọ́pàá ti sọ ọ́. Àwọn ọmọ ń dáhùn "ó dáa," wọn ò sì ká ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé sọ síni lójú. Dípò bẹ́ẹ̀, ilé kọ̀ọ̀kan gbé dáíkónì lọ fún un, bíi pé òun gan-an ni béárì gbá. Èmi náà gbé wàrà lọ. Genzo ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ṣí fìlà, ó ń fi ọwọ́ yí i. Tíṣà ló máa ń pe Kinuyo, torí ìwé tó ń kọ.

"Tíṣà, òtútù ti ń mú o."

"Ó ń mú, Genzo."

"Igi yín so lọ́dún yìí."

"Ó so."

"Ó so gan-an ni."

"Genzo, ó so."

"Ẹ̀ẹ́n. Ó pọ́n dáadáa." Genzo wo igi, ó wo bàtà rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n máa lọ."

Ọkùnrin tó ti dúró níwájú béárì láìsá, obìnrin kúkúrú tó wọ bàtà òjò ló bà á lẹ́rù. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ gbá a létí. Mo gbé wàrà kalẹ̀, mo ní òtútù ti ń mú.

Kinuyo kì í ṣe òmùgọ̀, ó mọ ohun tí gbogbo dáíkónì yẹn ń wí. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé pè é. Wọ́n fẹ́ tún ìwé béárì náà tẹ̀ lọ́nà tó lẹ́wà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, wọ́n fẹ́ kó wá kà á fún àwọn ọmọ ní ilé ìwé abúlé wa, kí ẹni tó ń ya fọ́tò wá. Ó gbà. Lẹ́yìn náà ló ní kí n fi ọkọ̀ wàrà mi gbé òun lọ sí ọsibítù lọ wo Tsuya.

Báńdéèjì bo ìdajì ojú Tsuya. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ wa.

"Ta nìyẹn? Kinuyo? Bọ́ sí apá ibí, apá ojú tó ṣẹ́kù, kí n lè rí ẹ."

"Tsuya, pẹ̀lẹ́ o. Pẹ̀lẹ́."

"Má pẹ̀lẹ́ mi. Béárì rẹ kò kí mi kó tó gbá mi."

"Kì í ṣe béárì tèmi."

"Ta wá ló ni ín? Ìwọ lo kọ́ ọ níwà, lọ bá a wí!" Tsuya bú sẹ́rìn-ín títí ibi tí wọ́n rán fi dùn ún, ló bá dákẹ́. "Wàrà tí ẹ gbé wá yẹn dà? Oúnjẹ ibí yìí, ajá ò lè jẹ ẹ́."

Mo gbé e fún un. Ó jẹ ẹ́ tán kó tó tún sọ̀rọ̀.

"Chinatsu wá níjẹta," ó wí. Chinatsu ni ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún méje, tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan náà. "Ó bi mí bóyá mo kí béárì náà. Mo ní rárá. Ó ní ẹ̀ẹ́n, ohun tó fà á nìyẹn, pé béárì kì í ṣe nǹkan kan fún ẹni tó bá níwà. Kinuyo, ọmọ yẹn rò pé èmi ni mo ṣẹ béárì."

Kinuyo gba abọ́ òfìfo lọ́wọ́ rẹ̀.

"Wọ́n ní o fẹ́ lọ kàwé fún wọn. Sọ fún wọn níbẹ̀."

"Bí mo bá sọ ọ́, wọn ò ní fẹ́ràn mi mọ́."

"Wọn ò ní fẹ́ràn rẹ," Tsuya wí. "Ojú wọn á sì pé méjì-méjì."

Nínú ọkọ̀, a kọjá afárá. Kinuyo wá ní òun kò rí béárì rí láyé òun. Ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọge, òun bẹ bàbá Genzo kó mú òun lọ sórí òkè, ó kọ̀, torí pé àwọn ọdẹ ayé ìgbà yẹn gbà pé òrìṣà obìnrin tó ni òkè máa ń jowú bí obìnrin mìíràn bá débẹ̀.

"Béárì inú ìwé yẹn, bàbá mi ni," ó wí. "Lẹ́yìn ogun àgbáyé, tí kò sí oúnjẹ, bí bàbá mi bá lọ sílé ẹlòmíràn, wọ́n á gbé àwo kalẹ̀ fún un, á sì máa wò ó. Kì í fọwọ́ kàn án. Ebi ń pa á títí ó fi kú. Mi ò mọ bí mo ṣe lè kọ ọ́ fún ọmọdé. Mo wá fi irun bò ó."

Ó ń dùn mí nínú, ṣùgbọ́n ọ̀nà orí òkè kò gba ẹkún, mo kọjú síwájú.

Lọ́jọ́ ìwé kíkà, mo wà níbẹ̀, torí pé èmi ni mo ń gbé wàrà lọ sí ilé ìdáná ilé ìwé. Mo dúró lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Genzo, tí wọ́n ní kó wá máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọmọ jókòó sílẹ̀. Ọkùnrin kan láti ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé dúró nígun pẹ̀lú ẹni tó ń ya fọ́tò. Kinuyo gbé ìwé náà lé itan, kò ṣí i.

"Ẹ̀yin ọmọ, mi ò rí béárì rí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn ni.

"Mi ò ṣàwàdà. Béárì inú ìwé yìí, èmi ni mo dá a sílẹ̀. Béárì gidi máa ń jẹ kákì. Bó bá rí ẹyọ kan, á jẹ ẹ́. Bó bá rí igi kan, á jẹ gbogbo rẹ̀. Bó bá bá yín lábẹ́ igi, ó máa gbá yín, bẹ́ẹ kí i, bẹ́ẹ ò kí i. Lónìí, bẹ́ẹ bá délé, ẹ sọ fún àwọn òbí yín kí wọ́n ká gbogbo kákì ilé yín. Kí wọ́n má fi ẹyọ kan sílẹ̀."

Ọkùnrin ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé ń wo Kinuyo bí ẹni tí wọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Chinatsu dìde láàárín àwọn ọmọ.

"Ìyá Béárì, ẹ ń parọ́," ó wí. "Ó máa ń fi ẹyọ kan sílẹ̀."

"Ta ló ń fi í sílẹ̀?"

"Béárì. Mo máa ń gbé kákì sínú abọ́ fún un. Ó máa ń jẹ ẹ́, á sì fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún mi. Àná náà, ó fi í sílẹ̀."

Ẹni tó ń ya fọ́tò gbé kámẹ́rà sójú. Omi lé sójú ọkùnrin ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Mo wo Kinuyo, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ohun tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ, ọmọ kan ti wá sọ ọ́ di òótọ́ fún un níwájú gbogbo ènìyàn. Kó kàn gbá ọmọ náà mọ́ra ni, ìwé náà á wà títí ayé.

"Níbo lo máa ń gbé abọ́ náà sí?" ó bi í.

"Lábẹ́ fèrèsé mi."

"Fèrèsé ibi tó ò ń sùn?"

"Ẹ̀ẹ́n."

"Ìgbà wo ló máa ń wá?"

"Bí mo bá ń múra ilé ìwé. Mo máa ń gbọ́ bó ṣe ń jẹun."

Kinuyo gbójú sókè, ó wo Genzo. Genzo de fìlà rẹ̀, ó jáde. Chinatsu yíjú, ó rí ẹ̀yìn rẹ̀, ó tún yíjú padà wo Ìyá Béárì. Ọmọ ọdún méje ni, ṣùgbọ́n ọmọ àwọn òkè wa ni, ó mọ ibi tí ọdẹ ń lọ.

"Mi ò sọ ọ́ fún yín kí ẹ lè sọ fún wọn," ó wí.

"Mo mọ̀," Kinuyo dáhùn.

Wọ́n kó Chinatsu lọ sun ilé mi pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mò ń po ẹ̀wà lórí iná nígbà tí ìbọn dún. Ẹ̀ẹ̀kan ló dún. Chinatsu wà ní tábìlì mi, ó ń jẹ ìrẹsì. Ó fi igi ìjẹun rẹ̀ lélẹ̀, kò sì gbé e mọ́.

Mo bá Kinuyo lọ wò ó, torí pé ó ní òun kò ní lọ ní òun nìkan. Wọ́n tẹ́ ẹranko náà sórí táàpólì lẹ́yìn ilé Tsuya. Kinuyo dúró tì í pẹ́. Nínú ìwé rẹ̀, béárì ga tó òrùlé.

"Ó mà kéré o," ó wí.

"Kò tíì ju ọmọ ọdún méjì lọ, Tíṣà," Genzo dáhùn. "Ìyá rẹ̀ lè ti kú."

Kinuyo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan àtẹ́lẹwọ́ béárì náà. Lẹ́yìn náà ló bi Genzo bóyá òun lè rí ayùn yá. A gé igi iwájú ilé rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, èmi àti Genzo, òun sì dúró títí a fi ṣe tán. Láti ọjọ́ yẹn, ojú ọ̀run nìkan ni mò ń rí bí mo bá ṣí fèrèsé, kò sì tíì mọ́ mi lára. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ilé abúlé ti ká kákì wọn. Ẹnì kan tilẹ̀ pe ọmọ Shirato ní Tokyo. Ó ní òun ti gbàgbé pé àwọn ní igi.

Kinuyo ní kí ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé má tẹ ìwé náà mọ́. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n rán ènìyàn sí i, ó fún wọn ní tíì, ó sì kọ̀. Kò sí béárì tó tún wọ abúlé lọ́dún yẹn.

Nígbà tí òjò dídì bẹ̀rẹ̀, mò ń gbá iwájú ilé mi nígbà tí mo rí Chinatsu tó ń bọ̀, ó gbé ìwé mọ́ àyà. Ó kan ilẹ̀kùn Kinuyo. Kinuyo jáde.

"Ẹ gba ìwé yín," ọmọ náà wí.

"Ìwọ lo ni ín, Chinatsu."

"Mi ò fẹ́ ẹ." Ó nà án sí i. "Ṣé ebi ń pa béárì náà?"

"Ebi ń pa á."

"Kí ló wá dé tó fi ń fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún mi?"

Obìnrin tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ dáhùn irú ìbéèrè yẹn fún ọmọ ẹlòmíràn wo ìwé tí ọmọ náà nà sí i.

"Mi ò mọ̀," ó wí.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ìwé náà, ó tẹrí ba fún ọmọ náà bí a ṣe ń tẹrí ba fún àgbà, kò sì gbé orí sókè títí Chinatsu fi kọjá lára mi, tó sì yà sí ọ̀nà ilé wọn.